Ẹ̀dà Kan Ṣoṣo ti Ohùn Bàbá

Òwúrọ̀ Sátidé ni, kò sì sí ohun tó ṣe òwúrọ̀ náà. Ìyàwó Lẹ́sẹẹsẹ ń fọ aṣọ lẹ́yìnkùlé, Bàbá tó bí Lẹ́sẹẹsẹ jókòó síwájú ilé lórí àga rẹ̀, ó ń wo àwọn tó ń kọjá, Lẹ́sẹẹsẹ sì ti wọ yàrá kékeré lọ láti ṣeré. Ẹni ọdún mẹ́tàlélógójì ni o, eré ló sì ń lọ ṣe. Ẹ má fi rẹ́rìn-ín. Àgbàlagbà tó ń ṣiṣẹ́ láti Mọ́ńdè dé Fúráìdé, ó yẹ kó ní nǹkan kan tí yóò máa fi tu ara rẹ̀ lára.

Ohùn gbígbà sílẹ̀ ni eré tirẹ̀. Ó ra kọ̀ǹpútà alágbèéká tí ẹlòmíràn ti lò rí, ó ra gbohùngbohùn kékeré kan tí iye rẹ̀ ò ju ti bàtà lọ, ó ra ẹ̀rọ agbohùnsílẹ̀ tó ṣeé fi sápò, ó lẹ páálí ẹyin mọ́ ògiri yàrá, ó sì fi kúbùsù bo ẹnu ọ̀nà kí ariwo ìta má baà wọlé. Inú yàrá yẹn ló ti ń to ohùn òjò orí páànù pọ̀ mọ́ ohùn ẹ̀rọ ìránṣọ aládùúgbò, tó ń fi wọ́n ṣe orin tí ẹnikẹ́ni ò bẹ̀ ẹ́ pé kó ṣe. Ìyàwó rẹ̀ máa ń sọ pé ó sàn ju kó lọ máa jókòó sílé ọtí lọ, òótọ́ ló sì sọ. Mi ò wá bú eré náà. Ohun tó wà nídìí ọ̀rọ̀ yìí yàtọ̀ sí i.

Orúkọ ìnagijẹ ni Lẹ́sẹẹsẹ, àwọn ará ibiṣẹ́ rẹ̀ ló fún un. Òun ló ń tọ́jú ilé ìkẹ́rùsí ní ilé-iṣẹ́ kan tó ń ta páìpù àti táàpù. Níbẹ̀, ohun kan ò gbọdọ̀ sí níbi méjì. Bí páálí táàpù kan bá wà lórí pẹpẹ kẹta, tí ìwé wá ń sọ pé ó tún wà lórí ìkẹfà, ẹnìkan ń jalè nìyẹn. Ọdún mọ́kàndínlógún ló ti fi ń lé ẹ̀dà kiri, àṣà ibiṣẹ́ yìí sì ti bá a délé. Tó bá rí fọ́tò kan lẹ́ẹ̀mejì nínú kọ̀ǹpútà, ara á máa yún un títí yóò fi pa ọ̀kan rẹ́. Lójú tirẹ̀, ìmọ́tótó ni.

Ẹ wá gbọ́ ohun tó wà nínú kọ̀ǹpútà náà lọ́jọ́ tí mò ń wí yìí.

Bíríkìlà ni Bàbá kó tó fẹ̀yìn tì, ohùn rẹ̀ kì í sì í ṣe kékeré. Tó bá wà lókè àjà kẹta tó ní kí wọ́n gbé kọnkéré bọ̀, ẹni tó ń kọjá ní òpópónà kejì á dáhùn. Ohùn yẹn ló fi tọ́ ọmọ méjì lẹ́yìn tí ìyá wọn kú, òun náà ló sì fi ń pa wọ́n lẹ́rìn-ín. Nígbà tó yá, ohùn bẹ̀rẹ̀ sí í há. Bàbá ní òtútù ni, ó sì fi oṣù mẹ́jọ gbáko mu oògùn ikọ́. Ìgbà tí wọ́n máa fi gbé e dé ọ̀dọ̀ dókítà, nǹkan ti hù ní gògóńgò rẹ̀. Dókítà ò fi ọ̀rọ̀ bò. Ó ní àwọn máa yọ gògóńgò náà, Bàbá á yè, àmọ́ kò ní lè fi ohùn ara rẹ̀ sọ̀rọ̀ mọ́. Ó fún wọn ní ọ̀sẹ̀ mẹ́ta kí wọ́n fi múra.

Lẹ́sẹẹsẹ fi ọ̀sẹ̀ mẹ́ta yẹn ṣe ohun tó dára jù lọ tó tíì ṣe láyé rẹ̀. Tó bá ti ibiṣẹ́ dé nírọ̀lẹ́, á gbé àga Bàbá wọ yàrá kékeré, á gbé gbohùngbohùn síwájú rẹ̀, á ní, "Bàbá, ẹ máa sọ ọ́." Bàbá á sì máa sọ ọ́ pẹ̀lú ohùn tó ti há yẹn. Ó sọ bí òun ṣe pàdé ìyá wọn níbi tí wọ́n ti ń kọ́ ilé ìwé. Ó sọ nípa ògiri kan tí òun mọ tó wó lọ́jọ́ kejì, tí òun fi ń gba ẹ̀yìn ilé lọ sílé fún ọ̀sẹ̀ méjì kí onílé má baà rí òun. Ó kọ orin tó fi ń rẹ Lẹ́sẹẹsẹ lẹ́kún nígbà tó ń heyín. Gbogbo rẹ̀ jẹ́ wákàtí mẹ́rìnlá.

Èyí tó kẹ́yìn ló wúwo jù. Àbúrò Lẹ́sẹẹsẹ obìnrin, tó ń gbé ní ìlú mìíràn pẹ̀lú ọkọ rẹ̀, ti lóyún lẹ́yìn ọdún mẹ́sàn-án tó ti ń wojú Ọlọ́run. Oyún náà ti pé oṣù márùn-ún láàárọ̀ ọjọ́ tí Bàbá ń lọ sí ilé ìwòsàn. Bàbá ní kí gbogbo wọn jáde kúrò nínú yàrá kékeré, kó ku òun àti ẹ̀rọ. Ó ti ilẹ̀kùn, ó sì bá ọmọ inú náà sọ̀rọ̀ fún ìṣẹ́jú mẹ́rìndínlógún. Ooru mú lọ́jọ́ náà, fáànù ń yí lókè, kò sì sẹ́ni tó rántí pa á.

Lẹ́yìn iṣẹ́ abẹ, Lẹ́sẹẹsẹ kó gbogbo ohùn náà sórí kọ̀ǹpútà. Lẹ́yìn náà ló pa èyí tó wà nínú ẹ̀rọ agbohùnsílẹ̀ rẹ́, torí pé ohun kan ò gbọdọ̀ sí níbi méjì. Kò pé ọ̀sẹ̀ kan tó tún fi ẹ̀rọ kan náà gba ohùn òjò.

Àbúrò rẹ̀ pè é lórí fóònù lọ́sẹ̀ yẹn.

"Bọ̀dá mi, ẹ jọ̀ọ́, ẹ fi èyí tí Bàbá bá ọmọ mi sọ ránṣẹ́ sí mi."

"Ní sùúrù. Fáànù ń dún nínú ẹ̀. Jẹ́ kí n yọ ariwo yẹn kúrò kó mọ́ kedere."

"Ẹ fi ránṣẹ́ tòun ti fáànù. Èmi àti fáànù ò jà."

"Rárá o. Ohùn bàbá àgbà ni ọmọ yẹn máa gbọ́, kì í ṣe fáànù. Jẹ́ kí n ṣe é bó ṣe yẹ."

Ẹ̀ẹ̀mẹta ló tọrọ rẹ̀, ẹ̀ẹ̀mẹta ni Lẹ́sẹẹsẹ ní kó mú sùúrù. Ìyàwó rẹ̀ náà mú fúláàṣì wá, ó ní kó jẹ́ kí òun kó tòun sí i. Lẹ́sẹẹsẹ wò ó bí ẹni tó ń wo olè. "Kí lo fẹ́ fi ẹ̀dà ṣe? Ṣé o fẹ́ lọ máa tà á ni?" Obìnrin náà rẹ́rìn-ín, ó fi fúláàṣì rẹ̀ pa mọ́, ọ̀rọ̀ sì parí síbẹ̀.

Lẹ́sẹẹsẹ náà kò jókòó lásán o. Ó ní áàpù kan lórí kọ̀ǹpútà tó ń fi tún ohùn ṣe, èyí tí àwọn tó ṣe é fi tọrẹ fún gbogbo ayé. Áàpù yẹn lè yọ ariwo fáànù, àmọ́ ó gba sùúrù, ó gba kéèyàn máa tẹ́tí sí i díẹ̀díẹ̀, kó máa dín ariwo kù, kó máa tún un gbọ́. Lẹ́sẹẹsẹ ti fi íápíìsì sétí gbọ́ ìṣẹ́jú mẹ́rìndínlógún náà tó ìgbà ogún, ariwo ò tíì tán. Ló bá rí fídíò kan lórí íńtánẹ́ẹ̀tì, níbi tí ọkùnrin kan ti tẹ bọ́tìnì ẹyọ kan tí gbogbo ariwo sì lọ wàì. Owó áàpù yẹn ga ju ohun tó lè san lọ. Àmọ́ nínú ẹgbẹ́ àwọn tó ń gba ohùn sílẹ̀ lórí fóònù rẹ̀, ẹnìkan tí kò mọ̀ rí fi líǹkì kan síbẹ̀. Ó ní àwọn ti já àgádágodo áàpù náà, ọ̀fẹ́ ni, kí ẹni tó bá fẹ́ wá gbà á.

Ibí yìí ni òwúrọ̀ Sátidé wa ti bàjẹ́.

Lẹ́sẹẹsẹ tẹ líǹkì náà, áàpù sì wọlé sórí kọ̀ǹpútà. Ìwé kékeré kan bá a wá, wọ́n kọ ọ́ sínú rẹ̀ pé kó kọ́kọ́ pa áàpù tó ń ṣọ́ kọ̀ǹpútà lọ́wọ́ fáírọ́ọ̀sì, kó má bẹ̀rù, torí pé áàpù aṣọ́lé yẹn máa ń ṣe àṣejù. Bó ṣe fẹ́ ṣí i, àmì pupa yọ lójú kọ̀ǹpútà. Kọ̀ǹpútà ní ohun tó fẹ́ ṣí yìí léwu. Ẹ jẹ́ ká bi ara wa: bí àlejò bá dúró sẹ́nu géètì rẹ, tó ní òun ò ní wọlé àfi tí o bá kọ́kọ́ lé ọlọ́dẹ rẹ lọ sùn, ṣé wàá ṣílẹ̀kùn? Lẹ́sẹẹsẹ yìí kan náà, tí kì í gba páálí tí kò ní ìwé wọ ilé ìkẹ́rùsí, tó ti dá dírẹ́bà padà nínú òjò rí nítorí òǹtẹ̀ kan ṣoṣo tí kò sí lára ìwé rẹ̀, òun ló fi ọwọ́ ara rẹ̀ pa aṣọ́lé, tó sì ní kí àlejò máa bọ̀.

Áàpù ṣí, ó ní kó dúró díẹ̀. Lẹ́sẹẹsẹ jáde lọ bá ìyàwó rẹ̀ fún aṣọ, wọ́n jọ sá a, ó mu omi, ó sì padà wọlé. Orúkọ gbogbo fáìlì tó wà lórí kọ̀ǹpútà ti yí padà. Wọ́n ti so ìrù kan mọ́ ọn, àwọn lẹ́tà rádaràda tí kò ní ìtumọ̀. Ó tẹ èyí tó pè ní "Bàbá àti ògiri tó wó," kò ṣí. Ó tẹ orin ẹkún, kò ṣí. Ó tẹ ti ọmọ inú, kò ṣí. Ìwé kan wá yọ fúnra rẹ̀ láàárín kọ̀ǹpútà: a ti ti gbogbo fáìlì rẹ pa, ọ̀dọ̀ wa ni kọ́kọ́rọ́ wà, san owó báyìí-báyìí láàárín ọjọ́ mẹ́ta. Owó oṣù rẹ̀ fún ọdún kan ò tó o.

Ó jókòó. Kò lè sọ bó ṣe pẹ́ tó. Nígbà tó dìde, ọ̀dọ̀ Bàbá ló gbà lọ níwájú ilé, kò sì mọ ohun tó fẹ́ lọ sọ. Bàbá rí i, inú rẹ̀ dùn, ó mú síléètì tó fi ń sọ̀rọ̀ láti ìgbà tí wọ́n ti ṣiṣẹ́ abẹ fún un. Ó fi ṣọ́ọ̀kì kọ ọ́ gàdàgbà bí ó ṣe ń kọ ìwọ̀n sára ògiri láyé ìgbà iṣẹ́: ṢÉ FÁÀNÙ TI LỌ?

"Ó kù díẹ̀, Bàbá," ni Lẹ́sẹẹsẹ wí.

Bàbá na àtàǹpàkò sí i. Lẹ́sẹẹsẹ wọlé lọ sí balùwẹ̀, ó ṣí táàpù kó lè máa dún, ó sì sunkún.

Ọjọ́ mẹ́tàlá ló fi gbé irọ́ yẹn rìn. Ẹ̀rí ọkàn rẹ̀ ò jẹ́ kó jẹun bó ṣe yẹ. Tí fóònù bá dún, á ta gìrì, torí ó lè jẹ́ àbúrò rẹ̀. Tó bá jẹ́ òun lóòótọ́, á ní iná ò sí, á ní iṣẹ́ pọ̀, á ní ó kù díẹ̀. Níbi iṣẹ́, ó to páìpù kan sí àyè òmíràn, àwọn tó ń bá a ṣiṣẹ́ fi ṣe yẹ̀yẹ́ títí ilẹ̀ fi ṣú. Ohun tó ń pa á lára jù ni pé lójoojúmọ́ ni Bàbá ń wò ó lójú pẹ̀lú ìgbẹ́kẹ̀lé.

Lọ́jọ́ Mọ́ńdè tó tẹ̀ lé Sátidé yẹn, ó gbé kọ̀ǹpútà lọ sí ṣọ́ọ̀bù obìnrin kan tó ń tún kọ̀ǹpútà ṣe. Obìnrin náà wọ awò, ó wo ìrù tó wà lára àwọn fáìlì, ó mí kanlẹ̀.

"Ọ̀gá, ṣé ẹ ti sanwó fún wọn?"

"Mo fẹ́ yá a ni."

"Ẹ má yá a. Olè ni wọ́n. Ọ̀pọ̀ ló ti sanwó fún irú wọn tí wọn ò rí kọ́kọ́rọ́ kankan gbà, òmíràn gan-an, wọ́n á tún padà wá béèrè sí i. Ẹ lọ fi ẹjọ́ sùn lọ́dọ̀ ọlọ́pàá. Ẹ̀dà àwọn fáìlì yìí dà?"

"Kò sí."

"Ti inú fúláàṣì ńkọ́? Ti orí íńtánẹ́ẹ̀tì? Ṣé ẹ fi ránṣẹ́ sí ẹnikẹ́ni lórí fóònù?"

"Wọ́n tọrọ rẹ̀," ni Lẹ́sẹẹsẹ wí. "Mi ò fún wọn."

Obìnrin náà ti kọ̀ǹpútà sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan. Ó yọ awò rẹ̀.

"Mi ò lè ṣí i. Irú àgádágodo yìí, kò sẹ́ni tó lè já a lójú ẹsẹ̀. Àmọ́ ẹ má pa àwọn fáìlì náà rẹ́. Mo máa kó wọn sórí nǹkan mìíràn, kí ẹ máa tọ́jú rẹ̀. Nígbà mìíràn, lẹ́yìn ọdún méjì, mẹ́ta, ọwọ́ á tẹ àwọn olè náà, kọ́kọ́rọ́ á jáde. Nígbà mìíràn ẹ̀wẹ̀, kì í jáde láéláé. Mi ò ní purọ́ fún yín. Ẹ jẹ́ kí n gbìyànjú mẹ́mọ́rì kádì inú ẹ̀rọ agbohùnsílẹ̀ yín. Ohun tí ẹ bá pa rẹ́ níbẹ̀ kì í lọ pátápátá, àfi tí ẹ bá ti gba nǹkan mìíràn lé e lórí."

Lẹ́sẹẹsẹ rántí òjò. Ó ti gba òjò tó wákàtí méjìlá.

"Áàpù tí mo fẹ́ lò yẹn," ló wí, bí ẹni tó ń wá ibi tí yóò di ẹ̀bi rù, "gbogbo ènìyàn inú ẹgbẹ́ ló ń lò ó."

"Bóyá. Ẹ ti ní èyí tó jẹ́ ọ̀fẹ́ lóòótọ́ lórí kọ̀ǹpútà yín níbí, mo rí i. Àwọn tó ṣe é ló ń pín in, ọ̀dọ̀ wọn lẹ ti gbà á, kò sì sọ fún yín pé kẹ́ ẹ pa aṣọ́lé. Ó yàtọ̀ sí èyí tí wọ́n jí, tí ẹni tí ẹ ò mọ̀ wá ń fi bẹ̀ yín. Kí ló fẹ́ jèrè? Ẹ̀yin ni èrè rẹ̀. Ìyẹn ni ọ̀kan. Ìkejì, ẹ̀dà ni kí ẹ máa tún ṣe, ẹ má fọwọ́ kan ojúlówó láéláé. Ìkẹta, ohun tí ẹ ò bá fẹ́ kó sọnù, ẹ fi sí ibi mẹ́ta: ọ̀kan lórí kọ̀ǹpútà, ọ̀kan lórí fúláàṣì tí ẹ máa yọ kúrò lára kọ̀ǹpútà tí ẹ sì máa fi pa mọ́, ọ̀kan nílé ẹlòmíràn tàbí lórí íńtánẹ́ẹ̀tì. Olè tó bá wọ inú kọ̀ǹpútà ò lè dé inú àpótí aṣọ ìyàwó yín."

Lẹ́sẹẹsẹ rántí fúláàṣì ìyàwó rẹ̀. Ó dorí kodò.

Lọ́jọ́rú ọ̀sẹ̀ tó tẹ̀ lé e, obìnrin náà pè é padà. Ohun tó rí láti inú kádì ò ju ìṣẹ́jú-àáyá mẹ́fà lọ. Ó tẹ̀ ẹ́ fún un gbọ́. Àga dún, ẹnìkan wúkọ́, ohùn Bàbá wá sọ pé, "Ṣé kí n máa sọ ọ́?" Lẹ́yìn ìyẹn, òjò.

Lẹ́sẹẹsẹ ní kó tún un tẹ̀. Ó tún un tẹ̀. Obìnrin náà kò gbowó lọ́wọ́ rẹ̀, ìyẹn sì tún dùn ún.

Ó ti pinnu pé òun máa sọ òtítọ́ lọ́jọ́ Sátidé. Àbúrò rẹ̀ ò dúró di Sátidé. Ìrọ̀lẹ́ Fúráìdé ló dé, ó bọ́ sílẹ̀ nínú ọkọ̀ pẹ̀lú ikùn oṣù méje, ó fi ọwọ́ ti ìbàdí, ó ń rẹ́rìn-ín, fúláàṣì tuntun wà lọ́wọ́ rẹ̀.

"Mo wá fúnra mi," ló wí. "Ẹ ti fi fáànù yìí dá mi dúró tó. Bàbá, ẹ kú ilé o. Ẹ wo Bọ̀dá mi bí wọ́n ṣe rù."

Wọ́n jókòó ní pálọ̀, gbogbo wọn: Bàbá, ìyàwó, àbúrò. Lẹ́sẹẹsẹ kò jókòó. Ó dúró lẹ́gbẹ̀ẹ́ ilẹ̀kùn bí ọmọ ilé ìwé tí wọ́n pè síta, ó sì sọ gbogbo rẹ̀. Ó sọ ti líǹkì, ó sọ ti àmì pupa, ó sọ pé òun mọ̀ọ́mọ̀ pa aṣọ́lé ni. Ó sọ pé òun ti pa ti inú ẹ̀rọ rẹ́. Ó sọ pé irọ́ ni òun ń pa fún wọn láti ọjọ́ mẹ́tàlá. Kò wá àwáwí. Ohùn rẹ̀ ń gbọ̀n, ó sì ń tijú pé òun ní ohùn tó lè gbọ̀n.

Àbúrò rẹ̀ fi fúláàṣì sórí tábìlì, jẹ́jẹ́.

"Mo ní kí ẹ fi ránṣẹ́ tòun ti fáànù," ló wí. Kò pariwo. Ì bá sàn kó pariwo.

"Mo mọ̀."

"Ẹ̀ẹ̀mẹta, Bọ̀dá mi."

"Mo mọ̀. Mo jẹ̀bi. Ẹ forí jì mí."

Bàbá mú síléètì. Ó pẹ́ kó tó kọ̀wé. Nígbà tó kọ ọ́ tán, ìyàwó ló kà á sókè: "Ẹ̀rù ń bà mí lọ́jọ́ yẹn. Mi ò rántí ohun tí mo sọ."

Ó nu ún, ó tún kọ. Lọ́tẹ̀ yìí ó kọjú rẹ̀ sí Lẹ́sẹẹsẹ: ÌWỌ NÌKAN LO GBỌ́ Ọ. SỌ Ọ́ FÚN UN.

Ojú gbogbo wọn yí sí i. Àbúrò rẹ̀ gbé ojú sókè, ìrètí sì wà nínú ojú yẹn, ó gbé ọwọ́ lé ikùn. Òótọ́ kúkú ni. Lẹ́sẹẹsẹ ti gbọ́ ìṣẹ́jú mẹ́rìndínlógún náà tó ìgbà ogún. Kò sí ẹlòmíràn láyé tó gbọ́ ọ.

Ó la ẹnu. Ó rántí pé fáànù máa ń ké ní gbogbo ìṣẹ́jú-àáyá mẹ́ta. Ó rántí pé ní ìṣẹ́jú kẹrin, ọkọ̀ akẹ́rù kan fun fèrè níta. Ó rántí pé ìró kan wà nísàlẹ̀ tó ń kùn, tó máa ń ga díẹ̀ nígbà tí iná bá lọ sókè. Ó mọ ariwo yẹn lórí bí ẹni mọ orúkọ ara rẹ̀. Àmọ́ ọ̀rọ̀ Bàbá, ọ̀rọ̀ gan-an, ó wá a kò rí i. "Ọmọ mi" wà níbẹ̀. Ó dà bíi pé Bàbá dárúkọ ìyá wọn. Bàbá rẹ́rìn-ín níbì kan, kò mọ ohun tó pa á lẹ́rìn-ín. Ìgbà ogún ló gbọ́ fáànù. Bàbá rẹ̀ ń sọ̀rọ̀ lábẹ́ fáànù, kò fetí sí i lẹ́ẹ̀kan ṣoṣo.

"Mi ò rántí," ni Lẹ́sẹẹsẹ wí.

Àbúrò rẹ̀ dìde, ó lọ sí yàrá Bàbá, ó ti ilẹ̀kùn.

Ọmọ náà dé ní oṣù kejì lẹ́yìn ìyẹn, obìnrin ni, ara rẹ̀ le. Bàbá gbìyànjú láti kọ ọ̀rọ̀ sílẹ̀ fún un. Ọjọ́ mẹ́rin ló fi jókòó ti ìwé. Ṣùgbọ́n bíríkìlà ni Bàbá, ẹnu rẹ̀ ló mọ ọ̀rọ̀ í sọ, ọwọ́ rẹ̀ ò mọ̀ ọ́n kọ. Ohun tó jáde jẹ́ ìlà mẹ́rin, pé kí ọmọ náà dàgbà, kó ní ìlera, kó gbọ́ràn sí ìyá rẹ̀ lẹ́nu, kí Ọlọ́run ṣọ́ ọ. Ìlà tí gbogbo bàbá àgbà lè kọ. Àbúrò Lẹ́sẹẹsẹ kà á fún ọmọ rẹ̀ ní ohùn tirẹ̀. Ó ti ń bá ẹ̀gbọ́n rẹ̀ sọ̀rọ̀ padà báyìí, ó ń kí i, ó ń bi í léèrè iṣẹ́. Kò bi í léèrè nípa yàrá kékeré mọ́, Lẹ́sẹẹsẹ náà kì í sì í dárúkọ rẹ̀.

Ó ṣì ń ṣe eré rẹ̀ ní Sátidé. Kò sí ìdí tó fi yẹ kó fi í sílẹ̀, gẹ́gẹ́ bí Bàbá fúnra rẹ̀ ṣe kọ ọ́ fún un. Àwọn fáìlì tí wọ́n tì pa wà níbi mẹ́ta, bóyá kọ́kọ́rọ́ á jáde lọ́jọ́ kan. Ó máa ń wò ó lóṣooṣù, kò tíì jáde.

Ẹ̀yin tí ẹ ń kà á, eré ọwọ́ dára, ẹ máa ṣe é. Ẹ̀rọ tí kò wọ́n tó nǹkan lè fún ilé yín láyọ̀, áàpù ọ̀fẹ́ tó jẹ́ ojúlówó sì pọ̀ lọ jàra. Ẹ lọ gbà á lọ́wọ́ ẹni tó ṣe é. Èyí tí wọ́n bá já àgádágodo rẹ̀, ẹ yà fún un, bó ti wù kó dán tó. Ẹni tó bá ní kí ẹ pa aṣọ́lé kọ̀ǹpútà yín, ẹ mọ̀ pé ẹ̀yin ni ó wá jí. Bí ohùn ẹnikẹ́ni nínú ilé yín bá sì há ju ọ̀sẹ̀ mẹ́ta lọ, ẹ má fi oògùn ikọ́ tàn án, ẹ gbé e lọ sọ́dọ̀ dókítà.

Àti ìwọ gan-an, ìwọ tí ohùn ìyá rẹ tàbí ti bàbá rẹ wà nínú fóònù yẹn níbì kan ṣoṣo. Gbé fóònù náà báyìí. Ṣe ẹ̀dà rẹ̀, kí o fi ránṣẹ́ sí àwọn tó ni ín pẹ̀lú rẹ. Lẹ́yìn náà, jókòó kí o tẹ́tí sí ohun tí wọ́n ń sọ. Má dúró dìgbà tó bá mọ́. Fi ránṣẹ́ bó ṣe wà, tòun ti fáànù.